Níbo ni agunkẹ̀kẹ́ Douala yóò ti dán aṣọ òtútù wò?

Bí ẹnìkan bá wọ ẹ̀wù òtútù, tó fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn bọ ọwọ́, tó sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba orí afárá odò Wouri kọjá ní Douala, kó tó dé Bonabéri ni àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin níbẹ̀ yóò ti máa bi í bóyá ibà ló ń ṣe é. Ìlú ooru ni Douala. Ẹ̀bá òkun ló wà, ooru ibẹ̀ kì í sábà wálẹ̀ ju 20°C lọ kódà lóru, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin débi pé aṣọ tí ẹ bá sá lálẹ́ lè má tíì gbẹ nígbà tílẹ̀ bá mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ òtútù kì í ṣe àwàdà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ní Cameroon. Orílẹ̀-èdè náà wà lára ibi tí eré kẹ̀kẹ́ ti rinlẹ̀ ní agbègbè wa yìí: Tour du Cameroun wà níbẹ̀, Grand Prix Chantal Biya wà níbẹ̀, ikọ̀ SNH Vélo Club náà sì ti ń kópa nínú eré tipẹ́. Ẹni tó bá ṣe dáadáa nílé, ojú rẹ̀ á máa wo Yúróòpù. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni wọ́n ń sá ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré ọlọ́jọ́ kan tó lókìkí jù ní Bẹ́ljíọ̀mù, Faransé àti Ítálì, nígbà tí òtútù kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó wà nínú 30°C lánàá lè bá ara rẹ̀ nínú òjò 4°C lọ́la, pẹ̀lú aṣọ tí kò wọ̀ rí, àti bíréèkì tí kò tẹ̀ rí nígbà tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kú.

Ọ̀pọ̀ eléré ni kì í rí ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ láti fi ara wọn hàn níbẹ̀. Bí òtútù bá gba ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn, ó lè máà sí ìkejì.

Ọjọ́ tí ikọ̀ Áfíríkà borí nínú yìnyín

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2013, wọ́n sá eré Milan-San Remo ní Ítálì, eré tó máa ń gùn tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já, òkè Turchino kò sì ṣeé gbà mọ́. Wọ́n dá eré dúró ní ìlú Ovada, wọ́n kó àwọn eléré sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cogoleto létí òkun, ibẹ̀ ni eré ti tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan kò padà sórí kẹ̀kẹ́ mọ́. Tom Boonen, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú eré ọlọ́jọ́ kan, wà lára àwọn tó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Gerald Ciolek, ọmọ Jámánì, ló gba ipò kìíní. Ó ṣáájú Peter Sagan, ó ṣáájú Fabian Cancellara. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀: MTN-Qhubeka, ikọ̀ láti South Africa, tí ọdún náà sì jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ìpele kejì eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé. Ikọ̀ tó wá láti ilẹ̀ oòrùn ló borí lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ òtútù sá wọ bọ́ọ̀sì.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tó kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ikọ̀ oríṣiríṣi ló wà nínú eré, ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ń ṣonígbọ̀wọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, síbẹ̀ irú ẹ̀wù dúdú kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀. Wọ́n ti fi dúdú pa àmì ara rẹ̀ rẹ́, nítorí àdéhùn wọn kò gbà kí wọ́n máa polówó ọjà ẹlòmíì. Castelli ti Ítálì ló rán ẹ̀wù náà, Gabba sì ni orúkọ rẹ̀.

Inú àyẹ̀wò lójú ọ̀nà ni orúkọ yẹn ti wá. Gabriel Rasch, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Norway, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Gabba. Ó wà nínú ikọ̀ Cervélo TestTeam tó sáré ní ọdún 2009 àti 2010, ikọ̀ tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ pé àyẹ̀wò niṣẹ́ òun: kí àwọn eléré máa lo ohun èlò, kí wọ́n sì padà sọ fún ẹni tó ṣe é ibi tó kù sí. Ohun tí Rasch béèrè jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sùn dáadáa. Ó fẹ́ ẹ̀wù òjò alápá kúkúrú. Ta ní í rán ẹ̀wù òjò tí kò bo apá?

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú òjò fún wákàtí mẹ́fà mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀wù òjò gbàgẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ bí ìgbòkun, ó ń fà á sẹ́yìn, ó sì ń sè é nínú òógùn ara rẹ̀. Gabba lẹ̀ mọ́ ara, ó dá afẹ́fẹ́ dúró, ó lé èyí tó pọ̀ nínú omi dànù, kò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé kò ní rin rárá. Ó gbà kí ara rin díẹ̀ kó lè máa gbóná. Kò jọ pé ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì níwájú kọ̀ǹpútà lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ohun èlò kẹ̀kẹ́ náà ní irú ìtàn yìí. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Campagnolo máa ń sọ ni pé ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1927, Tullio Campagnolo, ọmọ ìlú Vicenza, ń sáré lórí òkè Croce d'Aune nínú yìnyín. Ó fẹ́ tú wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àmọ́ ìka rẹ̀ ti kú, nọ́ọ̀tì sì ti dì pa, kò ṣeé yí. Eré lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ronú kan ọ̀pá kékeré tí èèyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wíìlì jáde. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bóyá bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pá náà wọ ayé, ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1933 ṣì wà títí dòní, àwọn fọganáísà wa ní Ìbàdàn àti Douala sì ti tú u mọ́ iṣẹ́ wọn láìmọ̀ pé òtútù ni wọ́n ní ó bí i.

Kí ni òtútù gan-an lórí kẹ̀kẹ́?

Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru kò lè sọ gbogbo rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 10°C, tí ẹ sì ń sáré 40 kìlómítà láàárín wákàtí kan, awọ ojú yín yóò gbà á bí ẹni pé 6°C ni. Bó bá jẹ́ 5°C, awọ náà yóò gbà á bí ibi tí omi ti ń dì. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan nìyẹn. Omi a máa gba ooru lára èèyàn ní ìlọ́po bí 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á lọ. Ìdí rèé tí 8°C pẹ̀lú òjò fi burú ju 0°C níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, àwọn tó ti sáré nínú méjèèjì kì í jiyàn lórí ìyẹn.

Ìkẹta ni òkè. Ẹni tó ń gun òkè ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ ń gbóná, òógùn bo aṣọ rẹ̀. Bó bá dé orí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu aṣọ tó ti rin. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó ń ṣí bọ́tìnì nítorí ooru ti ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ooru inú ara bá wálẹ̀ kọjá 35°C, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀ rárá, ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ tó ti kú kò lè tẹ bíréèkì, kò lè yí jíà, kò sì lè tú oúnjẹ nínú ọ̀rá. Ẹni tí kò lè jẹun kò ní nǹkan tí yóò fi gbóná.

Bernard Hinault ti Faransé mọ ìdíyelé rẹ̀. Ní ọdún 1980, ó borí nínú eré Liège-Bastogne-Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù nínú yìnyín, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lé díẹ̀ ṣáájú ẹni tó ṣe ìkejì. Nínú eléré 174 tó bẹ̀rẹ̀, 21 péré ló parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Hinault ṣì ń sọ pé ìka rẹ̀ méjì kò padà bọ̀ sípò. Àjọ UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ti wá ní ìlànà fún ojú ọjọ́ tó le koko láti ọdún 2016. Lọ́dún náà gan-an, wọ́n fagi lé ọjọ́ kan nínú Paris-Nice nígbà tí yìnyín bo ọ̀nà Mont Brouilly. Ìlànà yẹn dára, àmọ́ kò sí ohun tó sọ nípa òjò 6°C tí kò ní yìnyín, èyí tí wọ́n máa ń sá eré nínú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Omi ni Douala ní

Bí ẹ bá ti gbọ́ pé omi àti afẹ́fẹ́ ló wà nídìí òtútù orí kẹ̀kẹ́, ojú tí ẹ fi ń wo Douala yóò yí padà. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan lé ní mítà mẹ́ta àbọ̀, ìyẹn bí ìlọ́po méjì ti Èkó. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ó lè rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí Òkè Cameroon tó ga ju 4,000 mítà lọ. Ní ìsàlẹ̀ òkè náà, létí òkun, ni Debundscha wà, ọ̀kan lára àwọn ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù lórí ilẹ̀ ayé: nǹkan bíi mítà mẹ́wàá lọ́dún.

Òkè ni ẹ̀kọ́ kejì. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni ooru ń dín, ní nǹkan bíi 6.5°C fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò: 26°C ní èbúté Douala lè di bíi 17°C lórí ilẹ̀ tó ga ní 1,400 mítà, orí Òkè Cameroon sì sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì. Àwọn tó ń sá eré ẹlẹ́sẹ̀ gun òkè náà lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n ń pè ní Race of Hope, kì í gbàgbé aṣọ òtútù nílé.

Kò sí ẹni tí yóò gbé kẹ̀kẹ́ eré lọ sórí òkúta gbígbóná yẹn. Ọ̀nà tó wúlò ni èyí tó gba Nkongsamba àti Melong lọ sí Dschang, tó jìnnà tó bíi 200 kìlómítà sí Douala. Láti Santchou, tó wà ní nǹkan bíi 700 mítà, ọ̀nà náà gun ògiri òkè kan tí wọ́n ń pè ní falaise títí dé Dschang tó wà ní 1,400 mítà. Ẹni tó gùn ún nínú òjò oṣù Kẹjọ, tó sì yí kẹ̀kẹ́ padà lókè láti sọ̀ kalẹ̀ láìsinmi, ti rí gbogbo ohun tí Bẹ́ljíọ̀mù fẹ́ fi hàn án, àfi yìnyín nìkan: òógùn, omi, afẹ́fẹ́, kùrukùru, bíréèkì tó rin.

Àmọ́ ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi ìṣeré. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ tó gbé epo forí sọ ara wọn níbẹ̀ lóru, èèyàn tó lé ní 50 ló kú. Ọ̀sán ni ká gbà á, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé èèyàn lẹ́yìn. Buea ló sún mọ́ Douala jù nínú àwọn ìlú orí òkè, bíi 70 kìlómítà, ó sì yẹ kó jẹ́ ibi tó dára jù fún àyẹ̀wò òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ẹkùn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti bí ọdún 2017 ti sọ ọ̀nà náà di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè nípa rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí irú ọ̀nà báyìí lè ṣe, ẹ wo Eritrea. Asmara tó jẹ́ olú ìlú wọn ga ju 2,300 mítà lọ, òwúrọ̀ ibẹ̀ máa ń tutù. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé Massawa létí òkun ní nǹkan bíi 115 kìlómítà. Òtútù wà lókè, iná wà nísàlẹ̀, aṣọ méjì ni wọ́n ń lò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ Asmara ni Biniam Girmay. Ó lọ sí ibùdó UCI ní Aigle, ní Switzerland, lọ́dún 2018. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2022 ó borí nínú Gent-Wevelgem ní Bẹ́ljíọ̀mù. Lọ́dún 2024 ó gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ní Tour de France. Kì í ṣe òkè Asmara ló fún un ní ẹsẹ̀ o. Àmọ́ kò dé Yúróòpù láìmọ bí èèyàn ṣe ń wọ aṣọ fún ìsọ̀kalẹ̀.

Aṣọ tó yege níbẹ̀ lè kùnà níbí

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń ná owó dànù sí. Ẹ̀wù òjò olówó ńlá, irú èyí tí wọ́n ní omi kò lè wọlé àmọ́ tí òógùn lè jáde, kì í ṣe idán. Ìyàtọ̀ láàárín inú àti ìta ló ń ti ọ̀rinrin òógùn jáde. Ní ibi tí ìta ti tutù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, ọ̀rinrin inú á wá ọ̀nà lọ síta. Ní Douala, ìta gbóná, ó sì ti kún fún ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tí òógùn fẹ́ lọ. Ẹ̀wù kan náà tó gbayì ní Bẹ́ljíọ̀mù á wá di ìkòkò tí wọ́n dé ní ideri. Nítorí náà, ẹni tó bá dán ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ wò láàárín Akwa àti Bonamoussadi, tó sì sọ pé kò dára, kò tíì dán an wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó yìn ín nítorí pé omi kò wọlé.

Ọ̀nà kan wà tí kò ná èèyàn ní nǹkan kan láti mọ òótọ́. Ẹ wọn ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹja kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan nínú òjò. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ẹ̀wù òjò, ẹ tún ṣe é láìwọ̀ ọ́, lójú ọ̀nà kan náà, ní ìwọ̀n eré kan náà. Bí àwọ̀tẹ́lẹ̀ bá wúwo bákan náà nígbà méjèèjì, ẹ̀wù òjò yín kàn pààrọ̀ omi òjò fún òógùn ni. Fún ara tó gbóná, kò burú. Fún ìsọ̀kalẹ̀ Dschang, ó burú.

Òwú ni ẹ máa sá fún. Ṣẹ́ẹ̀tì òwú tó bá ti rin kì í tètè gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara bí ewé mọ́ ẹ̀kọ. Aṣọ irun àgùntàn tó fẹ́lẹ́ dára jù ú lọ, nítorí kì í pàdánù gbogbo ooru rẹ̀ nígbà tó bá rin. Ibi tí èèyàn ti lè rí i lówó pọ́ọ́kú kò sì jìnnà: ọjà òkìríkà. Ọjà àwọn aṣọ àlòkù, èyí tí wọ́n ń pè ní fripe ní Cameroon, ń gba èbúté Douala wọlé bí ti wa ṣe ń gba Kútọnu. Aṣọ tí kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ nínú ooru, irú ẹ̀wù irun àgùntàn bẹ́ẹ̀, lè wà nísàlẹ̀ òkìtì níbi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ wo létí aṣọ bóyá wọ́n kọ wool sí i, ẹ fà á wò bóyá ó ṣì ń padà, ẹ sì wo abẹ́ apá nítorí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ já.

Ní ti ìpara, àwọn agunkẹ̀kẹ́ Yúróòpù ní èyí tí wọ́n ń fi pa ẹsẹ̀ nígbà òtútù. Ẹni tó mọ Robb tàbí Aboniki kò ní bèèrè bó ṣe rí lára. Awọ nìkan ló ń gbóná; kò fi ooru kún inú ara. Ìpara wà fún ẹsẹ̀ tí kò ní ṣòkòtò, kì í ṣe dípò ṣòkòtò. Ìwé ìròyìn tí àwọn àgbà eléré máa ń tì bọ abẹ́ ẹ̀wù níwájú àyà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ṣiṣẹ́ ju ìpara lọ, nítorí ó dá afẹ́fẹ́ dúró, ẹ sì lè jù ú nù nísàlẹ̀.

Yìnyín ẹja àti bíréèkì

Aṣọ ṣì rọrùn. Ohun tí àwọn tó wà nínú ooru kì í rántí láti dán wò ni ọwọ́ àti kẹ̀kẹ́ lápapọ̀. Ní Youpwé, níbi tí àwọn apẹja Douala ti ń gúnlẹ̀, yìnyín kì í ṣe ohun àjèjì. Òun ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja. Ẹ bu díẹ̀ sínú báàfù omi, ẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín, ẹ wá gbìyànjú láti fa síìpù ẹ̀wù sókè, láti tú bisikíìtì nínú ọ̀rá, láti tú wíìlì iwájú, láti tẹ bíréèkì títí kẹ̀kẹ́ fi dúró pátápátá. Ohun tí ọwọ́ yín bá kọ̀ láti ṣe níbẹ̀, kò ní ṣe é ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn jù máa ń kùnà nínú ìdánwò yìí, nítorí ìka kò mọ ibi tí bíréèkì wà mọ́. Síìpù tí kò ní okùn kékeré lẹ́nu náà máa ń kùnà. Ẹ so okùn mọ́ ọn, okùn bàtà á ṣe é.

Ní ti táyà, ẹ rántí pé atẹ́gùn máa ń súnkì nínú òtútù. Táyà tí fọganáísà fẹ́ dé 80 lórí gééjì nínú 26°C ní Douala yóò ka bíi 72 nínú 0°C, bí ihò kankan kò tiẹ̀ sí lára rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní táyà ń jò, á pààrọ̀ tíúbù tí kò ṣe nǹkan kan. Lórí ilẹ̀ tó rin, kì í ṣe ohun búburú kí atẹ́gùn dín díẹ̀, nítorí táyà á di ọ̀nà mú dáadáa. Ohun tó burú ni kí èèyàn má mọ̀ pé ó ti dín.

Bíréèkì onídíìsì ti gba ipò nínú eré ńlá láti ìgbà tí UCI ti fọwọ́ sí i pátápátá ní 2018, òjò sì wà lára ìdí rẹ̀. Bíréèkì àtijọ́ tó ń di ríìmù mú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu omi kúrò lára ríìmù kó tó mú kẹ̀kẹ́ dúró, lórí ríìmù kábọ̀nù ìdádúró yẹn lè tó láti gbé èèyàn wọ kòtò. Ṣùgbọ́n onídíìsì náà ní tirẹ̀. Páàdì tí wọ́n fi èròjà rírọ̀ ṣe máa ń jẹ kíákíá nínú òjò tó pò mọ́ iyanrìn. Èyí tó ní irin nínú ń pẹ́ jù, ariwo rẹ̀ ló pọ̀. Òjò Douala àti ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà Ndokoti tó láti fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn láàárín oṣù kan. Ẹ fi ìwọ̀n wọn bí páàdì ṣe nípọn tó ṣáájú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Ní ti ṣéènì, ọ̀rinrin àti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etí òkun á mú un dípẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́ bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ láìnù lẹ́yìn òjò. Epo tó bá dúró lára ṣéènì níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta á dúró níbikíbi. Lórí èyí, mo rò pé Douala le ju Yúróòpù lọ. Jíà oníbátìrì nìkan ni ìlú náà kò lè fi nǹkan kan hàn nípa rẹ̀, nítorí òtútù gan-an ló ń dín agbára bátìrì kù.

Ìdí tí gbogbo àlàyé yìí fi ṣe pàtàkì hàn nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Nàìjíríà kan, Ese Ukpeseraye, ní ìdíje Olympics Paris ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ojú ọ̀nà títì ni wọ́n mú un wá sá. Àyè ṣí sílẹ̀ fún un lójijì láti sáré nínú pápá ìṣeré kẹ̀kẹ́, kò sì ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ikọ̀ Jámánì ló yá a ní ọ̀kan. Ó gùn ún, ó sá eré rẹ̀, ó sì yẹ ká kí i. Àmọ́ àwọn tó bá a du ipò ti lo ọdún púpọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n mọ bó ṣe ń yí àti bó ṣe ń dún.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé ti ojú ọ̀nà wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali, lórí òkè tó wà ní nǹkan bíi 1,500 mítà. Èyí tó pọ̀ nínú eré Yúróòpù ṣì wà níbi tó wà, nínú oṣù tó wà. Ikọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ní àpò òjò fún eléré rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó máa ń wà nínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé wọn. Bí òjò bá dé, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á na ọwọ́ sínú àpò náà láìwò. Ohun tó bá wà lókè ló máa kọ́kọ́ mú jáde. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ yìnyín ẹja ní Youpwé rí mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ló yẹ kó wà lókè, méjì méjì, ọ̀kan gbẹ nínú ọ̀rá, kí ẹ̀wù tó tẹ̀ lé e, kí ìbọ̀sẹ̀ wà nísàlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń bọ́ bàtà nígbà tí eré bá ń lọ.